Mọ́tò Tí Kò Gbá A

Wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí purọ́ mọ́ àbúrò mi, ó sì ń bẹ láàyè, ó ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun, Jímọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì ni mọ́ṣáláṣí wa ní àdúgbò Fondren ní Houston tẹ́lẹ̀, òórùn náà kò sì kúrò nínú ògiri, bó ti wù kí wọ́n fi tùràrí lé e tó. Àbúrò tí mò ń wí yìí, a kì í ṣe ọmọ ìyá. Apátímẹ́ǹtì la jọ háyà. Èmi ń kàwé gba dígírì kejì, òun ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ kàwé ní ìlú àwọn Lárúbáwá. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ọlọ́run kò gbà fún un, a tètè dé ọsibítù. Alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wá láti ilé rẹ̀ ní Sugar Land wá wò ó. Dókítà ni. Èmi gan-an ni mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, n ò ní fi “wọ́n” pè é.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, alága dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní, “Ẹ bá wa ṣe àdúà fún ọmọ wa obìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni, mọ́tò gbá a lójú títì freeway.” Gbogbo wa ní àmín. Fóònù mi gbọ̀n lábẹ́ ìbòrí mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni àbúrò mi ti ń gbọ́ wa látorí ẹ̀rọ ayélujára. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, freeway wo ni?”

Ibi tí a ti ń wọ bàtà ni mo ti bá alága. Mo ní, “Ẹ̀yin sà, mọ́tò wo?”

“Àṣírí rẹ̀ la bò. Ta ni yóò fẹ́ ẹ bí wọ́n bá gbọ́?”

“Àṣírí ta lẹ bò, sà? Tirẹ̀ ni àbí tiyín?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ bàtà, ó lọ. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n kọ́ mi ní bíbo àṣírí. Ẹni tí òtútù bá ń mú là ń da aṣọ bò; a kì í fi bo ojú ẹni tó ń sọ pé òun ò lè mí.

Nígbà tí àbúrò mi dé ilé láti ọsibítù, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín àti ata díndín. Alhaja kan fọwọ́ pa á lórúnkún: “Ẹsẹ̀ wo ló gbá?” Àbúrò mi wò mí, ó ní, “Òsì ni, mà.” Ọ̀gbẹ́ni ẹnjiníà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Westchase jókòó tì í. Ẹni tó bá gbé Houston mọ àwọn pátákó ojú ọ̀nà tí àwọn lọ́yà ń fi àwòrán ara wọn polówó sí. Ẹnjiníà náà ní, “Má gba owó tí insurance mọ́tò bá kọ́kọ́ fún ẹ o. Mo mọ lọ́yà kan, eyín rẹ̀ lórí pátákó nìkan tó mọ́tò yẹn. Má dàgọ̀.” Bí wọ́n ṣe jáde, àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

“Ẹ̀gbọ́n, n ò tíì kọ́ mọ́tò wíwà. Lọ́hùn-ún nílẹ̀ Lárúbáwá, nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì ní oúnjẹ ló ṣe mí. Níbí, mọ́tò ló gbá mi. Ìgbà wo ni wọ́n á ní ó rẹ̀ mí?”

Mo kó àwo mọ́ínmọ́ín kúrò níwájú rẹ̀, mo jókòó tì í.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, a lọ sí asalátù, àdúà àwọn obìnrin. Ìyá Àdínnì, aṣíwájú àwọn obìnrin, ní kó wá dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ ọ́ lọ́wọ́ mọ́tò. Àbúrò mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi. Mọ́tò ò gbá mi. Èmi ni mo fẹ́ pa ara mi. Mo ti ń rí dókítà, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́.” Ó fọwọ́ kan àyà. “Àdúà tẹ́ ẹ ṣe fún ẹsẹ̀ òsì mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sókè díẹ̀.”

Ẹnìkan pa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, níbi bàtà, ìyá kan tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọmọkùnrin mi kan kú ní yunifásítì. Òun náà, mọ́tò ni wọ́n ní ó gbá a.”

Alága pè wá lórí fóònù pé ká máa kírun nílé ná, kí fìtínà má baà wọ ìjọ. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, sààfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú àwọn obìnrin, la jókòó sí, ìyá yẹn wà láàárín wa.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi lónìí, ó ń wa mọ́tò ara rẹ̀, òun ló sì ní kí n kọ èyí. Ohun tí ọjọ́ wọ̀nyẹn kọ́ mi ni pé àdúà tí a gbé lé irọ́ kì í mọ ilé ẹni tí à ń ṣe é fún. Nítorí náà mò ń bi yín, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ibi tẹ́ ẹ ti kéde irọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti dáhùn: nínú gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ ti ní mọ́tò gbá, mélòó ni mọ́tò gbá?