Ìrọ̀lẹ́ Tí Mo Pe Ìrun Nínú Sípíkà Onígbàgbọ́

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀, torí bí o bá dúró gbọ́ ọ, o lè ṣubú. Èmi tí ò ń wò yìí, mo pe ìrun Mọ̀gáríbì ní Accra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ará Lomé sì fi ohùn mi ṣínu. Lomé ti ilẹ̀ Tógò ni mo wí o. Àwọn aṣọ́bodè tó wà ní ẹnubodè gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀, wọ́n mú dàbínù, ẹni tí wọ́n fẹ́ lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ náà sì bá wọn jẹ níbẹ̀. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, àwa méjèèjì á jọ mọ èyí tí a ó gbà nínú rẹ̀.

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọjọ́ náà: òórùn kóósè, ìyẹn àkàrà bí àwọn ará Gánà ṣe ń pè é, tí wọ́n ń dín nínú òróró gbígbóná lẹ́yìn ilé-gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan níbí, òórùn atalẹ̀ àti ata nínú kóókò, ògì gbígbóná tí a fi ń ṣínu, àti òórùn epo jẹnẹrétọ̀ tó dà sórí koríko. Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ rí mọ ohun tí òórùn kóósè ń fi ojú èèyàn rí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Imú mi ń jẹun, ẹnu mi ń wò ó.

Mamobi, ní Accra níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí, nínú àwọn ọmọ Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nílẹ̀ yìí, tí bàbá wọn ti Ìnísà wá tajà. Sípíkà ni mò ń tún ṣe. Ìwé tí mo kà kò dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ iná. Ojú ni mo fi kọ́ ọ, iná sì gbé mi dáadáa kí n tó mọ̀ ọ́n. Mọ́sálásí ń pè mí, ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí. Bí sípíkà bá ti dákẹ́, kò sí ẹ̀sìn tí kì í rántí mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà ní yunifásítì, òun sì ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí. Yorùbá yé e ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, Twi ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, mepaakyɛw, ẹ máa bọ̀ kíá! Dúmsọ̀ ti dé, iná ti ba ẹ̀rọ wa jẹ́!" Dúmsọ̀ ni à ń pe iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ nílẹ̀ yìí. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, ó di inú trótró, bọ́ọ̀sì akérò ilẹ̀ yìí.

Ohun tó wà ńlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí ọmọ yìí kọ́kọ́ wọ yunifásítì, abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń kírun ní ilé-gbígbé wọn. Bí wọ́n bá forí balẹ̀, omi ilé ìwẹ̀ á máa ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tó ń sáré lọ sí kíláàsì á sì máa tẹ ẹní wọn mọ́lẹ̀. Ó bẹ màdáámù tó ń bójú tó ilé náà, ó bẹ̀ ẹ́ títí màdáámù fi fún wọn ní yàrá kan tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Wọ́n kó àga síta, wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n kun ògiri, wọ́n tẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yàrá yẹn gan-an ni pápá tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ti ń ṣàdúrà ìrọ̀lẹ́ wà. Àwọn pápá ní pípe ìrun ń da àdúrà àwọn rú, àwọn yàrá ní àdúrà pápá ń da ìrun àwọn rú. Ọ̀rọ̀ náà sú màdáámù. Ó ní òun fúnra òun ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí òun bá sì tún bá ariwo níbẹ̀, òun á ti yàrá náà pa, àga á sì padà sínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ṣe pàtàkì. Sípíkà kékeré kan ló wà nínú yàrá, kò ju abọ́ ọbẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Láìsí i, ládánì tó ń pe ìrun á ní láti jáde síta lọ kígbe. Ọmọ ọmọ mi wò mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá àgbà, bí wọ́n bá gba yàrá yìí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn náà ni o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ti dé. Ó jọ pé ìyẹn gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù rẹ̀.

Mo tú ampilifáyà wọn, èéfín ló kí mi káàbọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó tún wà nítòsí, ti àwọn onígbàgbọ́ ni: jẹnẹrétọ̀, àpótí ohùn, àti àwọn sípíkà tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bá gbọn aṣọ mi, mo lọ bá olórí wọn. Ọmọkùnrin gíga kan ni, ọmọ Nàìjíríà tó wá kàwé. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán, ṣùgbọ́n Papa ni gbogbo wọn ń pè é, bí wọ́n ṣe máa ń pe olórí ẹgbẹ́ àdúrà níbẹ̀. Bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, tòun ti kóòtù.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà, Papa."

"Kúùrọ̀lẹ́, Papa," lèmi náà dá a lóhùn. A wo ara wa, ẹ̀rín pa wá. "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni, sà."

"Háà! Ilé ìyá bàbá mi!" Ìyá bàbá mi kò fẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé wọn, ṣùgbọ́n kí ni kí n wí? Mo ní kó jẹ́ kí n fa wáyà díẹ̀ lára ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó fà sẹ́yìn. "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Èmi gan-an ni mo lọ fẹjọ́ yín sùn màdáámù. Ariwo yín pọ̀."

"Tiyín ńkọ́? Wọ́n ní lánàá, ẹ pe iná láti ọ̀run títí ajá màdáámù fi sá wọ abẹ́ mọ́tò!"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. Ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀ tiwọn ló bọ́ sínú oṣù Ramadan tiwa. Láti àárọ̀ wọn kò jẹ, wọn kò mu, ètè wọn ti funfun bíi tiwa. Ó ní, "Ẹ fà á, bàbá. Ṣùgbọ́n kí tiyín jẹ́ tiyín o, kí tiwa jẹ́ tiwa."

"Tọ̀ọ̀," ni mo wí.

Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí n lè ráyè ṣiṣẹ́. Máìkì tiwọn ti wà lára àpótí wọn, mo fi tiwa kún un. Ó wá ku wáyà méjì tí yóò gbé ohùn jáde: ọ̀kan lọ sí sípíkà abọ́ ọbẹ̀ wa nínú yàrá, èkejì lọ sí àwọn òmìrán ní pápá. Dúdú ni méjèèjì, oòrùn ti ń wọ̀, ojú mi kò ríran tó ti àtijọ́, òórùn kóósè sì ti gba gbogbo orí mi. Mo tì wọ́n bọlé, mo dìde, mo ní, "Ó parí!" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ afárá tán.

Àkókò tó, ládánì kò sí. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ni, kò tíì ti ọsibítù dé. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Láti ilé-kéwú ní Mamobi ni mi ò ti pe ìrun mọ́, torí alùfáà wa sọ pé ohùn mi ń da ewúrẹ́ láàmú. Mo gba máìkì, mo fi ìka di etí, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo sì gbé ohùn sókè.

Ọ̀rẹ́ mi! Ohùn mi kò jáde nínú yàrá. Ẹnu àwọn òmìrán ló gbà jáde! Fèrèsé ń gbọ̀n, ẹyẹ fò kúrò lórí igi máńgòrò, ẹ̀rù ara mi ba èmi fúnra mi. Nínú yàrá ńkọ́? Papa náà ti gba máìkì tirẹ̀ lásìkò kan náà, ohùn rẹ̀ sì ń bú jáde nínú sípíkà kékeré wa, lókè orí lèmọ́mù gan-an: "Iná! Iná! Ohun tó ń dí ọ lọ́nà, jáde! Mo ní jáde!" Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju dàbínù sẹ́nu gbọ́ "jáde," ó sì jáde. Bàtà rẹ̀ kò bá a lọ.

Mi ò lè fi ìpè ìrun sílẹ̀ lágbedeméjì. Mò ń pè é lọ, òógùn ń bọ́ lára mi. Ọmọ ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lérí: "Bàbá àgbà, ẹ ti bà á jẹ́ paa!" Ní pápá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ló ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Papa yẹn, wọ́n ń bá Mùsùlùmí gbé yàrá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n ti ń rí i pé bí ìpè yìí bá ti dún nírọ̀lẹ́, oúnjẹ dé. Etí wọn ti mọ̀ ọ́n, ikùn wọn náà ti mọ̀ ọ́n. Bó ṣe wá ń ti ẹnu sípíkà tiwọn jáde, wọ́n rò pé Papa ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n pa ohùn pọ̀: "Àmín!" Wọ́n sì ya bo omi inú ọ̀rá. Papa ṣì ní àdúrà púpọ̀ lọ́kàn kí wọ́n tó ṣínu. Kó tó yíjú, ìjọ rẹ̀ ti ń mumi gbùkù gbùkù.

Bí mo ṣe gbé máìkì sílẹ̀ ni mọ́tò màdáámù yọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, àgádágodo tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

"Ta ló ni ariwo tó ń mi ilé mi tìtì yẹn?"

Ọmọ ọmọ mi bọ́ síwájú. "Màdáámù, mepaakyɛw, bàbá mi àgbà ni, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀..." Èmi ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu Papa ló kù. Òun ló ti fẹjọ́ sùn tẹ́lẹ̀. Mo tún ti wá já àdúrà gbà lẹ́nu rẹ̀, mo ti fún ìjọ rẹ̀ lómi mu láìgbàyè. Bó bá lè sọ pé, "Màdáámù, ẹ wá fojú ara yín rí i," yàrá ti lọ nìyẹn.

Papa wo wáyà lórí koríko. Ó wo ọmọ ọmọ mi. Ó ní, "Màdáámù, sípíkà tiwa ni. Ẹnu sípíkà tiwa ló ti jáde. Bí ẹ bá máa ti ẹnì kan mọ́ta, àwa ni kí ẹ tì mọ́ta."

"Ìwọ? Ìwọ tó wá jókòó sí ọ́fíìsì mi tó ń rojọ́?"

"Èmi náà ni." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú omi inú ọ̀rá kan, ó fi eyín ya á, ó mu ún tán. "A sì ti ṣínu, màdáámù."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó di ẹ̀rín gbogbo wa. Lẹ́yìn tí a kírun tán, àwọn ọmọbìnrin gbé bàsíà kóósè wá sí pápá, àwọn onígbàgbọ́ kó ọsàn àti bisikíìtì wọn síta. Wọ́n gbé àga fún màdáámù. Ẹsẹ̀ àga náà ń mì, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó jáde nínú yàrá ni. Ó jẹ kóósè kan, ó ní ata rẹ̀ pọ̀ jù, ó mú òmíràn. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó pe ọmọ ọmọ mi, ó fi àgádágodo náà lé e lọ́wọ́. "Ti ẹnu ọ̀nà yín ti dípẹtà, mo rí i. Ẹ fi èyí pààrọ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀." Ọmọ náà dì mọ́ màdáámù, àfi bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

Báǹkì ni ọmọ ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àgádágodo náà sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn di òní. Lọ́dọọdún, àwọn pápá àtàwọn yàrá máa ń jọ ṣínu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí, wọ́n á gbé àga fún mi níbi tó jìnnà sí gbogbo wáyà. Mi ò bínú. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń tún sípíkà ṣe kí kálukú lè máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ketekete. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń gbọ́ ohùn ara wọn láti inú yàrá tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí wáyà mi tó ṣì rìn.

Ó ku ti Lomé. Irọ́ ni. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ohùn mi kò kọjá géètì yunifásítì. Obìnrin tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyókù ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Mamobi láìfi Lomé sí i, wọ́n ní mo purọ́, wọ́n ní ọmọ onígbàgbọ́ tó ti fẹjọ́ sùn kò lè dìde kó ní kí wọ́n ti òun mọ́ta nítorí yàrá ìkírun. Ó dùn mí. Ni mo bá fi Lomé kún un. Láti ìgbà náà, Lomé ni gbogbo wọn ń bá mi jà lé lórí, kò sì sẹ́ni tó tún rántí jiyàn ti Papa.