Àwo Tó Ṣáájú Atúfọ̀ Dé Òmù-Àrán

Páálí àwo kan wà lórí itan mi nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́ náà, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ má tètè délé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù, n kò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí. Àwo tuntun Ajíṣọ̀rọ̀ ló wà nínú páálí náà, àwọn oníbàárà mi ní Òmù-Àrán sì ti ń fi í yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin ti fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyá Rẹ́kọ́ọ̀dù," ló wí, "ṣé ẹ ti gbọ́ pé Ràfíù yín ti lọ? Èkó ni wọ́n sin ín sí. Ìgbà tó kú tán ni ọ̀gá rẹ̀ tó ṣe àwo yìí."

Mo jókòó sórí páálí òfìfo kan. Ìyá Ràfíù ni mo kọ́kọ́ rántí. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàrin ilé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, torí àwọn ọmọ-ọmọ mi kò gbà pé iṣẹ́ ni. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ orin tiwọn. Níjọ́sí, méjì nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn ní pálọ̀ mi lórí àwo tuntun tí olórin rápù àgbà kan gbé jáde. Ọ̀kan ní ọkùnrin náà ti gbó, èkejì ní ọgbọ́n rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Mo kàn ń wò wọ́n. Irú ariwo yẹn ni mo fi tọ́ ìyá wọn.

Nígbà tí owó epo ń ya wọ ìlú, ọmọ Òmù tó bá ti Èkó bọ̀ wálé láìgbé ṣénjà dání, ojú á tì í. Ṣénjà ni ẹ̀rọ tí a ń gbé àwo lé, tó ń yí i, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń fa orin jáde. Ẹni tó bá ní ṣénjà, dandan ni kó ra àwo. Ìwé díẹ̀ ni mo kà. Àwọ̀ bébà róbótó àárín àwo àti àwòrán ara páálí rẹ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. N kì í ṣì wọ́n mú, àfi ọjọ́ kan tí mo gbé àwo wáàsí fún ọkọ ìyàwó. Àwọn àlejò rẹ̀ ti dìde láti jó kí alùfáà inú àwo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná ọ̀run dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà tí nǹkan wá le, tí àwọn tó ń da orin kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà lọ́wọ́ wa, mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo lọ ń ta ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ bọ̀ ni.

Kò sí àwo tuntun tí mo ń tà láìtọ́ ọ wò. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ là ń pè ní ìgbìmọ̀. Súlè tó ń wakọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo wà níbẹ̀, Mùfú télọ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kọ́ ọmọ níwèé tí a ń pè ní Tíṣà náà wà níbẹ̀. Màá fi ojú kan àwo sí i fún wọn. Bí wọ́n bá ní ó dùn, yóò tán lọ́wọ́ mi kí ọjà tó tú. Bí wọ́n bá ní kò dùn, eruku ni yóò rà á.

Ajíṣọ̀rọ̀ kì í kọrin bí ẹlòmíràn. Sísọ ló ń sọ ọ́, wéréwéré, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ẹ ò ní mọ ìgbà tó ń mí. Bó bá ti sọ títí, á bèèrè pé, "Ta ló wà lẹ́yìn mi?" Ràfíù tó jẹ́ olórí àwọn elégbè rẹ̀ á dáhùn pé, "Èmi ni, ọ̀gá, máa sọ ọ́ lọ!" Elégbè ni àwọn tó ń gba orin lẹ́nu ẹni tó ń dá a. Gbogbo ìlú ló mọ ìdáhùn yẹn. Bí ìyá bá pe ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ lọmọ á ṣe jẹ́ ẹ.

Ràfíù kì í sábà wálé. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé kà, kò sì sí tẹlifóònù. Àwo tuntun ló fi ń mọ̀ pé ara ọmọ òun le. Bó bá ti gbọ́ pé òmíràn ti dé, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Ìyàwó, jẹ́ n gbóhùn ẹ̀." Agboolé wọn ni wọ́n fẹ́ mi sí, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn Ràfíù bá ta, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó jẹun kó tó kọ èyí." Bó bá há díẹ̀, á ní wọ́n ti fi òtútù pa ọmọ òun.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé Alùfáà Sàálù, àbúrò bàbá Ràfíù, ni mo kọ́kọ́ gbé páálí mi dé. Ó ti gbọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àwọn ará Èkó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀," ló wí. "Àwa àti àwọn la jọ máa túfọ̀ fún ìyá Ràfíù. Ìyàwó, bá wa gbé àwo yẹn pamọ́."

Ẹ mọ̀ pé a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ọmọ kò yá. Wọ́n á ní àìsàn náà le díẹ̀. Obìnrin kan á ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí yóò dì í mú kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ẹnu àgbà á wá sọ ọ́. Mo gbé páálí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àṣé mo lè pa tèmi mọ́, n kò lè pa ti Àjàṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Súlè dé, ó ń ju àwo náà lókè bí ẹní mú ẹja.

"Ìyá Rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ̀yin ń sùn! Wọ́n ti ń tà á ní Àjàṣẹ́!"

"Tèmi ò tíì dé," ni mo wí.

"Ó dùn?" ni Mùfú bèèrè.

"Ó dùn níbo? Bàbá ti tán. Kò yára mọ́. Ó tiẹ̀ ti lé Ràfíù!"

"Irọ́ ńlá," ni Tíṣà wí.

"Wálàhí! Ó bèèrè pé ta ló wà lẹ́yìn òun, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Agbè nìkan ló ń mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́."

Mùfú pòṣé. "Ahun ni bàbá yẹn. Kò fẹ́ kí orúkọ ẹlòmíràn dún mọ́ tirẹ̀ ni."

"Ẹni tó ń gé lára aṣọ oníbàárà ló ń pe èèyàn láhun?" ni Tíṣà fèsì. "Àgbà kì í sáré sọ̀rọ̀. Àwo yìí ló máa gbọ́n jù nínú gbogbo tiẹ̀."

"Ṣé o ti gbọ́ ọ ni?"

"N ò tíì gbọ́ ọ, àmọ́ mo mọ bó ṣe máa rí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n rọra. Súlè ní kí ló dé tí òun á fi rọra, ṣé ẹni tó lé ọmọ wa dànù kọ́ là ń sọ? Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wa bá ṣí. Ìyá Ràfíù gbé àpótí rẹ̀ dání.

"Ta ló lé Ràfíù?"

Ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó jókòó.

"Ìyàwó, fi sí i."

Mo ní abẹ́rẹ́ ṣénjà ti kú. Ó wò mí títí, ó ní, "Láàárọ̀ yìí ló ń kọrin létí ògiri mi. Fi sí i." Ta ni yóò kọ̀ fún un? Mo gba àwo lọ́wọ́ Súlè.

Ajíṣọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, kò yára. Ó sọ díẹ̀, ó bèèrè, "Ta ló wà lẹ́yìn mi?" Agbè mì. Àyè náà gùn. Ó tún sọ díẹ̀, ó tún bèèrè. Àyè náà tún gùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ojú àwo kan fi tán, abẹ́rẹ́ sì ń ha àárín. N kò lè dìde gbé e kúrò.

Ìyá kọjú sí Súlè. "Kò lé e. Èèyàn kì í dúró de ẹni tó bá lé lọ."

Súlè bo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi mọ̀ pé Ràfíù ti lọ. Ìyá wá yíjú sí mi. Mo ya ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ ọ́. Kì í ṣe ẹnu rẹ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kí Alùfáà mọ̀ pé mo ti gbọ́. Ọ̀nà Èkó jìn. Kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ wá kí wọ́n má rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò gbọ́ ẹkún kankan láti ẹ̀yìn ògiri yẹn títí ọjọ́ Jímọ̀ fi pé.

Èmi ni wọ́n ní kó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ara rẹ̀ le bí igi. Alùfáà wúkọ́, ó ní ara Ràfíù kò fi bẹ́ẹ̀ yá.

"Ha," ni Ìyá wí. "Ṣé ó ń jẹun?"

Alùfáà ní ó ń jẹ díẹ̀. Òógùn bò ó.

"Ṣé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù?"

Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ. Wọ́n ní àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Ó ń bi wọ́n, wọ́n ń dáhùn, ó sì ń fi ìbéèrè fa ọwọ́ wọn lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa afọ́jú lọ́nà tó ní kòtò, títí Alùfáà fi sọ ọ́ tán. Ìgbà náà ni ó tó ké. Ara tó le bí igi yẹn já lé mi láyà, mo sì dì í mú, torí ìṣubú náà kì í ṣe eré.

Nígbà tí ilé rọlẹ̀ díẹ̀, Alùfáà bá mi lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń bọjú. Ó fi etí agbádá rẹ̀ nu ojú.

"A dúpẹ́ pé ẹnu tiwa ló ti gbọ́ ọ," ló wí. "Bó bá jẹ́ ìta ló ti gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ."