Ọkọ tí Tàǹtí Kadi Fi Pamọ́ sí Ọ̀run

Ní ọjà Abobo, ní Abidjan, bí o bá béèrè ẹni tó ń ta àgádágodo tí olè kò lè já, Tàǹtí Kadi ni wọn yóò júwe fún ọ. Ọmọ Ìgbòho ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ara rẹ̀ sì le. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ìlà yẹn máa ń sá sí bí oòrùn bá mú, torí ibòji wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ti àgádágodo. Ọ̀rọ̀ ọ̀run ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ ọ̀run tó obìnrin yìí. Ó ń rò ó bí ẹni tó fẹ́ kó lọ sí ilé tuntun: irú ilé wo ni, àwọn wo ni a jọ máa gbé, ta ni yóò wà ní yàrá wo.

Àbdùlbàkí, ọkọ rẹ̀, ti kú láti bí ọdún mẹ́jọ. Obìnrin méjì ló fẹ́. Ràyhánà, ìyáálé, wà nílé ní Ìgbòho. Kadi ló bá a wá sí Abidjan, òun ló bá a jẹ, tó bá a mu, tó bá a jà. Láti ìgbà tó ti ṣe opó tán ni àwọn ọkùnrin ti ń wá bá a, èsì kan náà ló sì ń fún gbogbo wọn. Ó gbọ́ lẹ́nu àfáà kan níbi wáàsí pé obìnrin tó bá fẹ́ ju ọkọ kan lọ, ọ̀dọ̀ èyí tó fẹ́ kẹ́yìn ni yóò wà ní àlùjánnà. Àwọn àfáà mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní obìnrin náà ni yóò yan èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ti àfáà àkọ́kọ́ ló wọ̀ ọ́ lára.

"Mo ti ní ọkọ," ló máa ń wí. "Ó ṣíwájú mi lọ ni."

Mahfuz wá dé. Ọmọ Ṣakí ni, ó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní àdúgbò Marcory. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́, Ànísà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ti lọ ilé ọkọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, yóò wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú náà, wá sí Abobo, yóò jókòó, yóò máa bá Tàǹtí Kadi kán epo sínú àwọn àgádágodo tó ti dógùn-ún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Tàǹtí Kadi ní ọjọ́ Jímọ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yòókù, gbogbo ìlà wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé, Mahfuz sọ ọ́ síta.

"Ìyá Ìkírámù, mo fẹ́ ká so yìgì kí ààwẹ̀ tó dé. Bí kò bá wù ẹ́, sọ fún mi. Ilé Marcory ti dá jù fún mi. Mà á padà sí Ṣakí, mi ò sì ní bínú."

"Bàbá Ànísà, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná," ni Tàǹtí Kadi wí.

A wo ara wa. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Bí ìrònú náà ṣe di ti gbogbo wa nìyẹn. Joël, kápẹ́ńtà tó máa ń wá ra ìṣó, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi, ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá.

"Tàǹtí, kò sí ìgbéyàwó lọ́run. Gbogbo wa máa dà bí áńgẹ́lì ni."

"Kò sí ọkọ, kò sí aya?"

"Kò sí."

"Tí mo bá wá pàdé Àbdùlbàkí ńkọ́? Ṣé kí n máa kí i ní bonjour, kí n sì máa kọjá lọ, títí ayérayé?"

Joël rẹ́rìn-ín, ó ní ayọ̀ ibẹ̀ yóò pọ̀ débi pé kò ní rántí ọ̀rọ̀ ọkọ mọ́.

"Bí mi ò bá rántí ẹ̀, ta wá ni wọ́n gbé dé ibẹ̀? Ìṣó wo lo fẹ́ rà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní, "Tàǹtí, ti Joël nìyẹn. Wọ́n ní ní àlùjánnà, Ọlọ́run máa yọ owú kúrò lọ́kàn èèyàn. Ẹ̀yin àti ìyáálé yín á jọ wà lọ́dọ̀ Bàbá láìsí ìjà."

Ó gbé àgádágodo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi tí mi ò jowú? Ìwọ ọmọ yìí, owú ni Àbdùlbàkí fi mọ̀ mí. Bó bá ti Ìgbòho dé, tó bá mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, á bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Wọ́n á yọ owú, wọ́n á yọ ìbínú, wọ́n á yọ orúnkún tó ń dùn mí, wọ́n á sọ mí di ọmọge. Ó dáa. Obìnrin tuntun yẹn á máa gbádùn ara ẹ̀. Kí wọ́n má ṣáà sọ pé èmi ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Wáàsí tí mo ti gbọ́ lórí fóònù kò níye, kò sí oníwàásù kan tó kojú ìbéèrè yẹn rí. Bí wọ́n bá ní láti pa mí dà tó bẹ́ẹ̀ kí n tó lè gbádùn, ta ló ń gbádùn?

Síbẹ̀, kì í ṣe ti ara rẹ̀ ló ń dùn ún jù. Ti Ràyhánà ni.

"Mo lo ọkùnrin yẹn tẹ́rùn níbí," ló sọ fún mi. "Ràyhánà ń rí i ní Iléyá nìkan. Òun ló tọ́jú ìyá ọkọ wa títí màmá fi kú. Tí a bá wá dé ọ̀run, tí a tún jọ pín in lọ́gbọọgba, ẹ̀tọ́ dà níbẹ̀? Ó yẹ kí òun nìkan ní i. Tí mo bá fẹ́ Mahfuz, ọ̀dọ̀ Mahfuz ni tèmi, Ràyhánà á sì gba ọkọ ẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kò dà bí ti ẹni tó rí ojútùú o. Ó dà bí ti ẹni tó fẹ́ lọ yọ eyín.

Ó ní kí n bá òun pe Ràyhánà. Epo kún ọwọ́ rẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù náà dání sí i lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó kí ìyáálé rẹ̀, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, ti Mahfuz, ti àfáà, ti ẹ̀tọ́. Ó parí ẹ̀ pé, "Ìyá mi, mo fẹ́ fi Àbdùlbàkí sílẹ̀ fún yín."

Àfi bí ẹ̀rín ṣe bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì, ẹ̀rín àgbàlagbà, títí ó fi di ikọ́.

"Kadi, ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀n?"

"Mo sìn ín, mo sin ìyá ẹ̀, mo sin àwọn àbúrò ẹ̀. Ọkùnrin dáadáa ni, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí èmi bá dé àlùjánnà, yàrá kan ni mo fẹ́, èyí tí mo lè tì látinú. Ìwọ tó ń ta kọ́kọ́rọ́, bá mi mú ọ̀kan dání."

Èmi rẹ́rìn-ín. Tàǹtí Kadi kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n dágbére, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì ń wo títì.

"Ó wá dá wà," ló wí. "Àbdùlbàkí. Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé àwa méjèèjì là ń dù ú."

Bó bá fẹ́ Mahfuz, òkú ló máa dá wà. Bí kò bá fẹ́ ẹ, alààyè ló máa padà sí Ṣakí lóun nìkan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti to ọ̀run kan tí ẹnikẹ́ni kò ní dá jókòó sí ìta níbẹ̀. Mi ò tíì rí i tò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Mahfuz dé, Tàǹtí Kadi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Mahfuz ń kán epo lọ ní tirẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Kadi," ló wí. Kò pè é lórúkọ rí lójú wa. "Mi ò tọrọ ọ̀run lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀run kì í ṣe tèmi láti pín. Marcory ni mo tọrọ. Kí n ti ibi iṣẹ́ dé, kí ìwọ náà ti Abobo dé, ká jọ máa kùn nípa gbàkà."

"Tí mo bá ṣì fẹ́ fi àyè mi lọ́run sílẹ̀ fún Àbdùlbàkí ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀ fún un. Èmi á wá ibi jókòó sí."

Ní Niangon, nílé Ìkírámù, ọmọ Tàǹtí Kadi, ni wọ́n ti so yìgì náà, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Èrò kò pọ̀. Àfáà ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí tọkọtaya bá ara wọn kalẹ́ láyé, Tàǹtí Kadi sì ṣe àmín ju gbogbo wa lọ. Àfáà ní kí Ó tún so wọ́n pọ̀ lọ́run. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹnu Tàǹtí Kadi ni mò ń wò: ó pa á dé. Mo wá wo Mahfuz. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ orí ba, òun náà pa ẹnu dé.

Tàǹtí Kadi fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú kúrò. Àfáà ti bọ́ sórí àdúrà àlàáfíà ilé. Àwọn méjèèjì ṣe àmín sí ìyẹn pọ̀.