Àdín Lórí Ọmọ Ọyẹ́

Wọ́n tún ti ń fi pa á lórí o! Ọmọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí l'Ákùúrẹ́ níbí, àdín ni wọ́n ń fi pa á lórí, wọ́n ní ọmọ ọyẹ́ ni, kí orí ẹ̀ má baà gbẹ. Òórùn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ imú mi báyìí.

Oǹdó ló gbé mi padà sí, ilé màmá tó bí Daddy wa. Tíṣà ni Daddy, ìjọba ò sanwó oṣù nígbà yẹn, ló bá kó èmi àti Sister Bùnmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, lọ síbẹ̀ ká lè rí nǹkan jẹ. Inú ọyẹ́ ni wọ́n bí Sister Bùnmi. Tí ọyẹ́ bá ti dé, Màmá á jókòó sórí àpótí, á fi orí ẹ̀ sáàárín orúnkún, á máa fi àdín pa á jẹ́jẹ́, á máa kọrin sọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní parọ́, ó dùn ún wò. Mo máa ń jowú, èmi ọmọ òjò tí ẹnikẹ́ni ò pa lórí.

Ọdún tí Sister Bùnmi fẹ́ ṣe WAEC ni kò sùn mọ́. Ó ní àwọn kan ń pe òun látinú àjà, ó ní májèlé wà nínú ẹ̀bà. Màmá ní, "Ọyẹ́ ni. Tí òjò bá ti rọ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀." Ó wá ń pa á lórí láàárọ̀ lálẹ́. Daddy wá láti Àkúrẹ́, ó pariwo: "Kò sí wèrè ní ulé mi o! Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan!"

Òjò rọ̀. Sister Bùnmi jáde lọ jókòó sínú ẹ̀, ó ń bẹ àwọn tó ń pè é pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Mo sáré lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó wá, ó ní, "Màmá, ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, ó sì ní ìtọ́jú." Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Ó ń ránṣọ l'Óǹdó báyìí, ó ṣì ń lo oògùn, àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í gbé fóònù. Ṣùgbọ́n Daddy ní èmi ni mo tú àṣírí ilé, pé èmi ni ò jẹ́ kó rí ọkọ fẹ́.

Lánàá, dókítà kan ń sọ lórí rédíò pé ìgbà nínú ọdún tí wọ́n bí èèyàn lè kan ọpọlọ díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà ni, kì í ṣe òun nìkan. Daddy ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́? Màmá mi ti mọ̀!" Ọmọ ọyẹ́ mélòó ló kún Oǹdó tí nǹkan kan ò ṣe? Màmá ti di olóògbé. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ ẹ̀ ṣì wà lára wa, ẹ fi àdín pa ọmọ, ó dáa. Àmọ́ nígbà tí mo ní tọ́mọ yìí bá dàgbà tí kò sùn mọ́, kẹ́ ẹ tètè gbé e lọ sọ́sibítù o, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti Sister Bùnmi létí àwọn èèyàn mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?