Hóró Kòkó Inú Irun Àbúrò Mi

Ìyá ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá àgbà, tẹ imú mọ́ àárín orí àbúrò mi, ó fa èémí wọlé. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Omi gbígbóná ṣì ń rú èéfín nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òórùn àdín sì gba gbogbo bárándà.

Obìnrin aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ìkéré ló gbé omi náà wá. Ó ti ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fẹ́ fi jó ibi tó wú lẹ́yìn etí ọmọ náà. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn tí ọmọ bá forí gbálẹ̀: wọ́n á jó o, wọ́n á fi àdín pa á, wọ́n á pọ̀n ọ́n títí yóò fi sùn. Tó bá ti sùn, ó ti bọ́. Àbúrò mi sì ti ń tòògbé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án.

Mo ti sọ fún wọn pé ó yọ̀ ṣubú ní bárándà.

Màmá àgbà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá ní o ti fọwọ́, á gbóòórùn ọwọ́ rẹ. Tí wọ́n bá ní iṣu kò tíì bàjẹ́, á fi èékánná họ ọ́ wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, tí wọ́n bá ní ká dijú, ojú ọ̀tún rẹ̀ kì í dì tán, nítorí báàgì rẹ̀. Àwa ọmọdé máa ń pè é ní ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀.

Ó bi mí bóyá ọmọ náà sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ó sunkún lójú ẹsẹ̀, àbí ó kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Mo ní lójú ẹsẹ̀ ni. Aránṣọ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù ni? Ọmọdé ṣubú, ó ti dìde. Ẹ jẹ́ ó sùn."

"Oorun yìí gan-an ni mi ò fẹ́ràn."

Ó pe ọmọ náà. Ọmọ náà la ojú kan, ó tún dì í. Lẹ́yìn náà ló bì sára ìró Màmá àgbà. Aránṣọ ní ẹ̀wà tó jẹ láàárọ̀ ni. Ìka Màmá àgbà ń tú dídì irun náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi fa nǹkan kan yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi. Hóró kòkó kan ni, kò tíì gbẹ, ó ń kan bí ọtí.

"Orí dẹ́kìn ni kòkó wa wà. Ta ló gbé èyí wá sí bárándà?"

Ilé tí bàbá mi ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí à ń gbé kò kọjá dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ tí wọ́n dà sí òkè rẹ̀, láti ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ la máa ń sá kòkó sí kí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀. Èmi ni mo máa ń gun àkàbà lọ yí i ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ mú ọmọ gòkè. Ṣùgbọ́n ó ń sunkún ní ìdí àkàbà, mo bá pọ̀n ọ́n. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí kòkó, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí àpò bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò sunkún rárá. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí.

"Mi ò ní nà ọ́," ni Màmá àgbà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú nílẹ̀ àti ẹni tó já bọ́ láti orí ulé, ìtọ́jú wọn yàtọ̀. Láti ibo?"

Mo nàka sókè.

Kò pariwo. Ó da omi gbígbóná náà nù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orí ọmọ náà mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni gbé igbá omi tó kún dẹ́nu. Aránṣọ, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, sáré láìwọ bàtà lọ pe onímọ́tò. Ní ọsibítù, Màmá àgbà tì mí síwájú nọ́ọ̀sì. "Sọ ọ́ bó ṣe rí." Mo sọ ọ́: orí dẹ́kìn ni, kò sunkún, ó ti bì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbé wa kọjá sí Adó. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú orí rẹ̀. Dókítà ní ká ní a jẹ́ kó sùn títí di alẹ́ ni, òun ì bá má lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Àbúrò mi ti di olùkọ́ báyìí. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Apá ibẹ̀ ló sì ń fi irun bò. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe: pàṣán bà mí lẹ́rù ju ìdákẹ́jẹ́ ọmọ náà lọ.

Ọkọ mi ní ìfura mi pọ̀ jù. Mi ò jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wọlé, iwájú orí rẹ̀ wú, ó ní òun ṣubú. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìwò yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Mi ò ní nà ọ́. Láti ibo?"

Ó nàka sí àga pálọ̀. Àga lásán. Síbẹ̀, mo fà á mọ́ra, mo tẹ imú mọ́ àárín orí rẹ̀, mo fa èémí wọlé.