Aáyán Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Títí di òní, bí aáyán bá gba iwájú mi kọjá, èébì ní í gbé mi. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà bàyọ́lọ́jì wa ní kí kálukú mú aáyán méjì wá láti ilé, pé àwòrán rẹ̀ la óò yà nínú mọ́ọ̀kì, mo mọ̀ pé mo gbé. Mọ́ọ̀kì ni ilé ìwé fi ń dán wa wò kí ìdánwò àṣekágbá tó dé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú bàyọ́lọ́jì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì fẹ́ ṣe. Láìsí bàyọ́lọ́jì, kò sí nọ́ọ̀sì.

Àgbowó la ń gbé láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan, ilé ìdáná kan ṣoṣo fún gbogbo ayálégbé. Wọ́n ní aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni kò jẹ́. Nílé tiwa kò sí adìẹ, wọ́n ń jó bó ṣe wù wọ́n. Màámi ló bá mi kó mọ́kànlá sínú agolo mílíìkì, wọ́n da kẹrosíìnì lé wọn lórí. Wọ́n ní kí n rí fún àwọn tí kò bá rí mú wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Lọ́jọ́ mọ́ọ̀kì, ọwọ́ òfo làwọn ọmọ olówó tó ń ti Bódìjà wá mú dé. Ọ̀kan nínú wọn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sí nílé àwọn, ó sì fi áńkáṣíìfù bo imú bí mo ṣe ń ṣí agolo. Imú tó bò yẹn kò ní kó má na ọwọ́ mú èyí tó dára jù. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju aáyán lọ. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ṣa èyí tó pé tán, ọ̀kan tí ìdérí agolo ti tẹ̀ fọ́ ló wá kù fún mi.

Mi ò wò ó. Mo kàn gán-án-ní rẹ̀, mo ti abọ́ tí mo gbé e sí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ya aáyán inú ìwé tí mo ti há sórí: ìwo gígùn méjì, ìyẹ́ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ó rẹwà.

Tíṣà mú bébà mi lọ́wọ́ kan, wọ́n mú aáyán lọ́wọ́ kejì.

“Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà lára eléyìí. Níbo lo ti rí méjì tó kù?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òdo ni wọ́n fún mi. Wọ́n tún bi mí pé bí mo bá di nọ́ọ̀sì, ṣé aláìsàn inú ìwé ni n ó máa tọ́jú. Wọ́n wá ní kí n tún un yà kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á yọ orúkọ mi.

Mo padà sí ilé ìdáná wa, mo pa ọ̀kan, mo jókòó tì í. Èébì gbé mi lẹ́ẹ̀mejì. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí ẹ̀gún, omi funfun sì ń yọ níkùn rẹ̀. Ìwé kankan kò sọ ìyẹn fún mi. Mo ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, mo ń bú aáyán, mo ń bú ọmọ Bódìjà. Tíṣà wò ó, wọn ò yọ orúkọ mi mọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí egbò ẹsẹ̀ bàbá kan níwájú àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Àwọn ẹgbẹ́ mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá náà sì ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Egbò náà rí mi lára, mi ò ní purọ́. Mo sún mọ́ bàbá náà, mo wo egbò ọ̀hún.