Káàdì Àwòrán Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Jọ Ń Lò

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Mo kéré nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, ó sì pẹ́ tí mo ti kọ ohun tó gùn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà ni màá ṣe sọ ọ́.

Ilé bàbá wa ní Ìlá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ sí, nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìbàdàn ló ń gbé, fídíò ìgbéyàwó ló ń ṣe, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbà wọ inú ẹ̀rọ náà. Tèmi ni kí n máa nu eruku, kí n sì máa wo bátìrì sólà. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo òkè, ìró ẹ̀rọ náà máa ń dà bí ẹni tó ń mí lójú oorun.

Nínú ẹ̀rọ kan yìí, ẹ̀gbọ́n mi dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀, tí wọn kò ní ara tí a lè fọwọ́ kàn. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ó ṣe kékeré kan fún èmi náà, torí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwòrán yíyà. Mo máa ń rò ó pé bí àlá ni wọ́n rí: ẹnì kan ló sùn, àlá méjì ló ń lá. Ṣùgbọ́n káàdì àwòrán kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ, òun ló sì ń jẹ́ kí àwòrán máa rìn geere. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ti dì í mú, èkejì kò lè rí i.

"Má fipá já a gbà o," ni ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi. "Bí mo bá gbàgbé láti tú u sílẹ̀, wò ó bóyá iṣẹ́ ń lọ lórí tèmi. Bí kò bá sí, pa á jẹ́jẹ́, kí o wá fi káàdì fún tìrẹ."

Ó rọrùn láti sọ. Èmi, kí n pa kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi? Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Bí ó bá gbàgbé láti mú un, a óò dúró.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló ń bá mi gbé. Ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà sì ń lọ. Oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Òkè-Ìlá ló ń wù ú láti rí, ẹsẹ̀ kò sì gbé e débẹ̀ mọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà oko náà, irú èyí tí a lè máa rìn lọ nínú rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ìyá àgbà a jókòó tì mí, a máa tọ́ mi sọ́nà. Ìgbómìnà ló ń sọ, èmi ni mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé.

"Igi obì yẹn, òsì ló wà. Àbí o fẹ́ kí n ṣìnà nínú oko bàbá mi ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Odò wá ńkọ́? Bó ṣe tín-ín-rín yìí, ṣé ewúrẹ́ ló lá a gbẹ ni?"

Mo yà á tán, ṣùgbọ́n láìsí káàdì, ọ̀nà náà kò rìn. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró gbagidi. Igi á máa jáde ní ìdajì ìdajì, ojú ìyá àgbà kò sì lè kó o jọ. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ló di káàdì mú. Ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ, kò rántí tú u sílẹ̀. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́," màá tún pa á rẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà gbé ojú sókè sí mi. "Eyín rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín. N kò rí i mọ́. Oko yẹn, kò tíì tó wò ni?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni káàdì wà.

"Ó ń lò ó lọ́wọ́?"

"Rárá, mà. Ó ti dìde nídìí rẹ̀, ó gbàgbé ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí, ebi á pa ọ́ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó! Odó kan ni àwa ìyàwó ilé jọ ń gún iyán nínú rẹ̀. Bí ìyálé mi bá gún tirẹ̀ tán, tó gbàgbé ọmọ odó síbẹ̀, ṣé kí àwọn ọmọ mi wá sùn lébi ni? Màá yọ ọ́, màá nù ún, màá fi ti ògiri níbi tó ti máa rí i. Màá sì kí i. Kò sí ìjà níbẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbálẹ̀ tán, mo wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé. Mo wo kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi dáadáa: kò sí iṣẹ́ kankan tó ń lọ lórí rẹ̀. Mo pa á jẹ́jẹ́, mo fi káàdì fún tèmi. Mo wá kọ̀wé sí i pé, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá mi. Mo yọ ọmọ odó yín, mo nù ún, mo fi ti ògiri." Mo fi ránṣẹ́ kí ọwọ́ mi tó lè pa á rẹ́.

Mo mú ìyá àgbà jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ọ̀nà oko là sílẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń ṣàn lọ bí omi. Ọwọ́ ìyá àgbà dìde díẹ̀díẹ̀ sí apá òsì, síbi igi obì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kọjá odò.

Mo gbé bàtà náà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.